Okùn Mẹ́fà Lára Ògiri

Ilé Fádáre,
Àràròmí-Obu,
lọ́nà Òrè,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹwàá, 1978.

Ọkọ mi, Ọláníran ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí ti fi ọ́ sílẹ̀? Iṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Àwa náà wà níbí o. Eegun mi le, eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu mi ṣì ń jẹ àgbàdo. Morẹ́nikẹ́ ọmọ Péjú ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní bí mo bá ṣe wí i gan-an ni kó kọ ọ́.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní ìwọ àti géndé mẹ́rin ń bọ̀ ní Sátidé yìí wá lé Láoyè, ará Ìkirè tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa, torí ó ń ká obì tó wà létí odò, ó ní òun lòun gbìn ín. Èmi ni mo sọ fún ọ pé bàbá rẹ ló gbìn wọ́n, lọ́dún tí òyìnbó gbé ìjọba sílẹ̀, ìṣojú mi sì ni. Má tíì kó ẹnikẹ́ni wá, ọmọ mi. Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Morẹ́nikẹ́ dé láti ilé ìwé ní Òrè, ó ní tíṣà ìṣirò ní kí wọ́n wá ohun méjì tó jọ ń rìn, kí wọ́n wò ó bóyá bí ọ̀kan bá ń pọ̀, èkejì náà ń pọ̀. Mo ní látìgbà tí mọ́tò ti ń pọ̀ lójú títì Èkó sí Bìní ni ewú orí mi náà ti ń pọ̀, kó lọ kọ ìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní tíṣà ti kìlọ̀ pé nǹkan méjì lè jọ máa rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Mo ní tíṣà yẹn gbọ́n.

Ìgbà náà ni mo rántí igi yín. Gbogbo ọmọ tí a bí nínú ilé yìí, orí ibi tí a sin ìwọ́ rẹ̀ sí la gbin obì kan lé. Èmi ò mọ ọdún òyìnbó, àmọ́ mo mọ ìgbà tí kálukú dé: ìwọ, ọdún tí ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀, Péjú, ọdún kejì ogun náà, Báyọ̀, ọdún tó parí. Nínú àwọn ọmọ-ọmọ, Morẹ́nikẹ́ dé lọ́dún kejì òmìnira, Dúródọlá lọ́dún tí ogun Biafra dé Òrè, Elizabeth lọ́dún tí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún.

Mo dúró ti igi kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìbàdí mi dé ni Morẹ́nikẹ́ ń fi okùn yí ká, á sì gé e. Límátù aládùúgbò wa yọjú, ó ní, "Ìyá Ọláníran, ẹ ń wọn igi bíi télọ̀! Ṣé ṣòkòtò lẹ fẹ́ rán fún un ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Tí aṣọ bá ṣẹ́ kù, màá rán ti ọkọ rẹ."

Nígbà tá a délé, Morẹ́nikẹ́ fi èédú fa ìlà sára ògiri pálọ̀, ìlà kan fún ọdún kan, láti ẹnu ọ̀nà lọ títí dé kọ̀rọ̀. Ó wá fi okùn kálukú kọ́ sórí ìlà ọjọ́ orí rẹ̀, orí gbogbo wọn ṣe déédéé. Ọláníran, ìyanu ni! Ti Elizabeth kúrú lẹ́nu ọ̀nà, ti Dúródọlá gùn jù ú lọ, wọ́n ń gùn lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ tìrẹ ní kọ̀rọ̀. Wọn ò tò gún régé o. Igi Péjú sanra ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, torí ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló wà, omi ìwẹ̀ ló ń mu. Ti Báyọ̀ rù, abẹ́ ìrókò ló wà. Morẹ́nikẹ́ wá na òwú funfun kan láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó ń gbé e sókè sódò títí ó fi la àárín ìdí àwọn okùn náà kọjá. Àwọn kan yọ jù ú lọ díẹ̀, àwọn kan ò dé e. Mo ní àgbà tó ń parí ìjà nìyẹn: kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, kò sì jìnnà sí ẹnì kankan.

Èmi kì í gba nǹkan gbọ́ bọ̀rọ̀. Mo ní kó lọ wọn obì Límátù, mi ò sì sọ ọdún rẹ̀ fún un. Ó ń gbé okùn náà rìn lọ lára ògiri títí ìdí rẹ̀ fi kan òwú. Ó ní ọdún mẹ́tàlá ni, tó bá ṣìnà, kò ní ju ọdún kan tàbí méjì lọ. Límátù pàtẹ́wọ́. Ọdún méjìlá ni!

Inú mi dùn. Mo ní ó yá, ká lọ wọn ti etí odò, kí ojú ti Láoyè. A wọn márùn-ún. Mo ti tẹjú mọ́ ìlà kejìdínlógún, níbi tí obì bàbá rẹ yẹ kó bọ́ sí. Okùn àkọ́kọ́ ò débẹ̀, ìlà kẹsàn-án ló ti kan òwú. Ìkejì, ìlà kẹjọ. Ìkẹta, kẹsàn-án. Kò sí èyí tó kọjá ìlà kẹwàá nínú máràrùn-ún. Mo jókòó. Mo ní bóyá abẹ́ òjìji ni wọ́n wà. Morẹ́nikẹ́ ní, "Màmá àgbà, òòrùn wà níbẹ̀, omi sì wà nídìí wọn. Tó bá tiẹ̀ máa ṣìnà, ṣe ló yẹ kí wọ́n sanra jù." Mo wá ń fi ìka ka ọdún.

Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí ogun dé Òrè la fún Láoyè nílẹ̀, ìyẹn ti pé ọdún mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé nígbà tá a sá lọ sí Òkìtìpupa, odindi ọdún kan ni igbó fi bo etí odò náà. Obì tí mo rí bàbá rẹ tó gbìn, mo rí i lóòótọ́, n kò purọ́. Igbó ló pa á. Láoyè ló gbin òmíràn. Ó ti ń wí i látọjọ́ yìí, èmi ni mò ń pariwo lé e lórí, bàbá rẹ tí à bá sì bi ti lọ.

Mo lọ bá a. Ìyàwó rẹ̀ ti di ìkòkò àti ẹní pọ̀, Sátidé rẹ ni wọ́n ń retí. Mo ní, "Láoyè, èmi ni mo ṣì í. Àwa la nilẹ̀, ìwọ lo nigi." Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní, "Ìyá, mo rò pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́ láéláé." Èmi fúnra mi ni mo tú ẹrù náà. Wọ́n dì í le débi pé èékánná mi kan ya.

Nítorí náà, fi àwọn géndé rẹ sílẹ̀ l'Ákùúrẹ́. Ìwọ nìkan ni kó o wá, mú búrẹ́dì dání, wá fojú ara rẹ wo ògiri. Adégbóyè dírẹ́bà ló ń mú ìwé yìí bọ̀ lọ́la, fún un lóúnjẹ kó tó padà. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí fún mi. Péjú àti Límátù ń kí ọ.

A ò tíì já àwọn okùn náà. Tìrẹ ló gùn jù lára ògiri, ọmọ mi. Ẹni tí okùn rẹ̀ gùn jù, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ wá bá Láoyè sọ pé a ṣì í.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò mọ̀wé àmọ́ tó mọ igi,
Ẹfúnróyè Fádáre.