Wáyà Tí Mo Ní Kí Daddy Tú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kétu, 2006

Ara mi ò balẹ̀ rárá.

Láàárọ̀, mo ya tiransifọ́mà tí Daddy fọwọ́ wé sínú kọ̀ǹpútà láti dán an wò. Ó yẹ kí iná fóòtì 12 di 240. Kọ̀ǹpútà ní 54 ni. Mo ní, “Daddy, ẹ ṣi wáyà yìí kà.”

Wọ́n ní, “Ìwọ lo lọ sí yunifásítì.” Wọ́n sì tú gbogbo ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí àṣìṣe mi. Kọ́ìlì méjì ni Daddy fi wáyà wé, ìyípo ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po ogún ti èkejì. Ogún yẹn ni mo kọ, bẹ́ẹ̀ agbára kọ́ìlì ni kọ̀ǹpútà ń béèrè, ìyẹn ìyípo lọ́nà ara rẹ̀: ogún lọ́nà ogún, irínwó. Kò sí àṣìṣe lọ́wọ́ Daddy.

Mo sáré lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti ń wé wáyà náà padà. Kí n tó lanu, wọ́n nawọ́ dá mi dúró.

“Má sọ̀rọ̀, mò ń kà. Mi ò fẹ́ tún ṣì í kà.”