Ẹnìkan Láti Vermont Ti Fọwọ́ Sí I

Ọmọ mi Delia,

Báwo ni Boston, báwo ni iṣẹ́, báwo ni ọrùn tó ń dùn ọ́? Èmi ìyá rẹ wà láàyè, ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ṣe bó ṣe fẹ́. Ọlọ́run tó pa mí mọ́ nínú yìnyín ọdún yìí á pa ìwọ náà mọ́ níbi tí ọkọ̀ ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Màlúù pupa ti bí, abo ni. Mo pe báńkì lórí fóònù tí o rà fún mi, obìnrin kan gbé e, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sọ ọ́, ó tún fi orin sí i. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, kò sẹ́ni tó bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó wá jẹ ẹyin nílé wa tó bá ń kọjá. Kò dáhùn, bóyá ojú ló ń tì í.

Ìwé Òfin Amẹ́ríkà kékeré tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi. Mo mọ̀ pé torí ọ̀rọ̀ ọ̀nà wa ni. O rántí pé Wendell Tarbox, olórí ìgbìmọ̀ ìlú, ti kéde pé ní ìpàdé ìlú oṣù kẹta, àwọn máa dìbò kí ìlú yọwọ́ nínú ọ̀nà orí òkè yìí, kí katakata má gbá yìnyín ibẹ̀ mọ́, torí èmi nìkan ló kù níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, àfi kí n ta màlúù, kí n kó wá sínú yàrá tí o kùn sílẹ̀ dè mí. Yàrá náà dára, má bínú, ẹkún ni mo sun nígbà tí mo rí fọ́tò rẹ̀.

Mo ka ìwé náà tán, mo sì fẹ́ràn àwọn bàbá yẹn. Wọ́n gbà pé àwọn lè ṣàṣìṣe, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àtúnṣe, ó ti di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n báyìí. Bàbá rẹ kò ṣe ẹyọ kan ní ọdún mọ́kànlélógójì tí a fi jọ gbé. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fọwọ́ sí ni mo ti rí ìdí wàhálà wa. Ọ̀gbẹ́ni Washington fọwọ́ sí i, ará New Hampshire tó múlé tì wá fọwọ́ sí i, mo wá ará Vermont, ìpínlẹ̀ tiwa, títí, n ò rí ẹyọ kan! Ẹ̀rù bà mí. Fọ́ọ̀mù tí èèyàn ò fọwọ́ sí, ta ló máa dá a lóhùn? Abájọ tí wọ́n fẹ́ gba ọ̀nà lọ́wọ́ wa. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sídìí tábìlì, mo kọ orúkọ mi sábẹ́ tiwọn: Hester Colburn, Vermont. Mo tọrọ gáfárà létí ìwé pé ó pẹ́, ọ̀nà wa ni ò dáa.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo gbé ìkòkò ẹ̀wà mi dání fún oúnjẹ ọ̀sán, mo sì mú ìwé náà lọ fún Luella akọ̀wé ìlú kó lù ú ní òǹtẹ̀. Ó wò ó títí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní kó ṣì wà lọ́wọ́ mi ná, mo máa nílò rẹ̀.

Wendell dìde, ó ro ẹjọ́ owó epo àti ti katakata, ó ní kí Màmá Hester má bínú, ẹnì kan ṣoṣo ni mo jẹ́, ìlú sì ni ìlú. Mo nawọ́. Mo ní Wendell, ìwọ tí mo nu ikun imú fún nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ṣé o ti fọwọ́ sí ìwé yìí? Ó ní rárá mà, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ sí i. Mo ní èmi ti fọwọ́ sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kà á sí wọn létí pé "Àwa ènìyàn" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo ní mo ti wá gbogbo ìwé náà bóyá ó wà níbì kan pé ẹni tó dá gbé orí òkè ò sí lára àwa, n ò rí i, bó bá wà nínú tiyín, ẹ kà á kí n gbọ́. Ẹ̀rín dá. Alága ìpàdé ní kí àwọn tó fẹ́ kí ọ̀nà wà dìde. Mo dijú. Ariwo àga ni mo gbọ́. Nígbà tí mo lajú, Delia, gbogbo wọn ti dìde, àní Dunham tí mo fi ìgbálẹ̀ na ajá rẹ̀. Wendell ló dìde kẹ́yìn.

Nígbà tí a ń jẹun, Luella ṣàlàyé pẹ̀lẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n kọ ìwé náà tán ni Vermont tó dara pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà, pé ìwé náà dè wá, ó sì dáàbò bò wá, bí a ò tilẹ̀ fọwọ́ sí i. Ojú tì mí gan-an. Ni Wendell bá ní kí n yá òun ní bírò. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ tèmi, àwọn tó kù sì tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá yẹn. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró orúnkún mi, àti ìwé náà ẹyọ kan sí i, èyí ti kún. Yàrá yẹn, fi ẹni tí kò nílé sí i. Láàárọ̀ yìí, Wendell fúnra rẹ̀ ló wa katakata gòkè wá. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó gbá yìnyín dé ibojì bàbá rẹ, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Mo rìn dé ibẹ̀, mo sọ fún bàbá rẹ pé n ò lọ mọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn èèyàn dìde fún ọ níbi tí o bá ti dá nìkan dúró. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ṣì wà nílé,
Hester