Ọ̀já Tí Màmá Kọ́ Wa Láti Dì

Àbúrò mi,

Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí ìyá ọkọ rẹ tó ń bá ọ gbé ọmọ. Ikọ́ Bàbá ti rọlẹ̀, omi sì ti ń yọ níbi tí a ti ń fọṣọ. Màmá nìkan ni ara rẹ̀ ò yá.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ń gbé aṣọ ibùsùn tútù gun àtẹ̀gùn lọ sá. Ó dé ìdajì, ó di ògiri mú. Mo mú un lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ilé ọmọ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé ojú ara. Mo bi Màmá pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìtọ̀ ló kọ́kọ́ ń jò tí mo bá sín. Ìwọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nígbà náà." Ọdún méjìlélógójì, kò sọ fún ẹnì kan!

Ọ̀já tí Màmá ní ká máa dì pinpin mọ́ ikùn ká tó gbẹ́rù, pé òun ló ń gbé ilé ọmọ dúró, nọ́ọ̀sì ní ṣe ló ń tì í sísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà kọ́ wa bí a ṣe ń fún abẹ́ pọ̀ bí ẹni tó mú ìtọ̀ dúró, ká sì tú u sílẹ̀. Èmi náà ti ń ṣe é. Má bi mí nídìí.

Jọ̀ọ́, tú ọ̀já yẹn, kí o lọ rí nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká jogún àrùn.

O kọ̀wé pé o ti padà sẹ́nu iṣẹ́, pé o sín lánàá, o tọ̀ sára, o sì bú sẹ́rìn-ín. Mo kà á fún Màmá. Ó ní, "Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ