Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn Lórí Ikú Bàbá Wẹ́wẹ́, àti Lórí Ọwọ́ Tó Tẹ Rìfáàsì

Sí ìyá, àkọ́bí àti gbogbo ẹbí olóògbé,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìbínú díẹ̀ tí kò ní fi pamọ́, ni Ẹgbẹ́ Àwọn Aṣẹ̀rọ Kékeré fi ń bá yín kẹ́dùn ikú Bàbá Wẹ́wẹ́, ẹni tó kọ́ ìdajì ẹgbẹ́ níṣẹ́, tó sì bá ìdajì yòókù wí.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe ní títóbi ni òun ń ṣe ní wínníwínní: ọkọ̀ ojú irin tó ṣeé gbé sórí tábìlì, tó sì ń fi ooru omi rìn ní tòótọ́. Sìkúrù inú ẹ̀ kò nípọn ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ, síbẹ̀ bàbá á dè é mọ́ léèdì, ẹ̀rọ tó ń yí irin, á máa fi ọ̀bẹ ẹ̀rọ gbẹ́ ìlà tín-tìn-tín yí i ká títí nọ́ọ̀tì á fi wọ̀ ọ́ láìmì. Tírẹ́ẹ̀dì ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ìlà yẹn. Ẹni tó bá rí i nídìí ẹ̀ á rò pé ẹ̀gún ló ń yọ lẹ́sẹ̀ ọmọ ọwọ́.

Ẹgbẹ́ kò sì gbàgbé ọjọ́ tí páìpù ooru bẹ́ níbi ìpàtẹ, tí gbọ̀ngàn kún fún ọmọdé. Olúkálukú bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá Wẹ́wẹ́ nìkan ló fi àtẹ́lẹ́wọ́ lásán di irin gbígbóná náà mú, tó yí i pa. Awọ ọwọ́ ẹ̀ kù sára irin. Nígbà tí wọ́n ń wé e, ohun tó béèrè ni pé ta ló de páìpù náà, kó lè lọ gbá a létí.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ sọ bó ṣe kú, nítorí èyí tí ẹ gbọ́ kì í ṣe òótọ́.

Àbíkẹ́yìn yín, tí òun náà ti di ọ̀gá nídìí léèdì, dúró ti bàbá ẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ ilé yín lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wá gba sìkúrù kan. Tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ kù díẹ̀ kó parí. Léèdì ilé yín ti dàgbà. Ṣe ni wọ́n ń yí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀, orí irin wíwúwo tó ń di iṣẹ́ mú, wọlé bí ìdérí ìgò. Bí èèyàn bá fipá yí ẹ̀rọ náà sẹ́yìn lójijì, orí yẹn á tú. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi máa ń fọwọ́ yí i padà jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí léèdì tuntun ti ẹgbẹ́, èyí tí wọ́n fi bóòtù de ṣọ́ọ̀kì ẹ̀, rìfáàsì, bọ́tìnì tó ń yí ẹ̀rọ sẹ́yìn, ló ń tẹ̀ láìbẹ̀rù. Ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbàgbé pé ilé lòun wà, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Irin náà fò yọ. Ó fọ́ gíláàsì iná, ọ̀dọ̀ Àbíkẹ́yìn ló sì kọrí sí. Bàbá fi èjìká gbá ọmọ ẹ̀ dànù, irin sì bá a láyà. Akọ̀wé gbọ́ bí egungun ṣe fọ́. Ẹ̀jẹ̀ ta dé ara ògiri, bàbá ṣubú sórí ẹ̀rún irin, kò sì dìde mọ́.

Nígbà tí ẹ sáré dé, Àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní: “Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.”

Àkọ́bí, ìwọ lo mú ọ̀pá irin. O fọ́ ọ lórí, o fipá tì í síta, o sì ní bó bá débi ìsìnkú, ihò kan náà lẹ máa bo àwọn méjèèjì mọ́. Kò bẹ̀bẹ̀. Akọ̀wé tẹ̀ lé e, ó bi í pé kí ló dé tó fi purọ́ mọ́ ara ẹ̀. Èsì tó fọ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú ni pé:

“Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọwọ́ bàbá mi ló ṣìnà.”

Ó bẹ akọ̀wé kó má sọ fún yín. Akọ̀wé ò sọ fún yín, ṣùgbọ́n ó sọ fún ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ kò lè dákẹ́. Ẹṣin ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn, ó sì ń kọsẹ̀. Kò sí àbùkù fún bàbá yín níbẹ̀. A sì máa ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Àkọ́bí, ọwọ́ méjèèjì lo fi lu àbúrò rẹ, ọmọ tí bàbá rẹ fi àyà gba irin nítorí ẹ̀.

Ẹ ti ní kí ẹgbẹ́ wá gbé pósí lọ́la. Ẹgbẹ́ ń bọ̀, Àbíkẹ́yìn sì ń bọ̀ pẹ̀lú wọn, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi wé orí ẹ̀. Bí kò bá sí níwájú, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan pósí náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹgbẹ́ á tún léèdì ilé yín ṣe, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni sìkúrù tó kù díẹ̀ náà á wà. Àbíkẹ́yìn nìkan ni yóò parí ẹ̀.

Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Kó gbé ìyá ró. Kó tu gbogbo yín nínú, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé, àti ẹni tí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Kí ẹ̀yin fúnra yín sì ṣí i kó tó kànkùn.

Ẹgbẹ́ Àwọn Aṣẹ̀rọ Kékeré