Adénà Ìkòkò Afọnkun

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Mo ti ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé. Mo wẹ̀, mo tún wẹ̀, òórùn yẹn ò lọ. Ọ̀pẹ̀yìnbó tó ti rà, ṣúgà, ìwúkàrà — kẹ́ẹ̀gì ńláńlá kún kíṣìnnì ẹ̀yìnkùlé, gbogbo wọn ń hó gùdùgùdù, eṣinṣin ń ṣèpàdé lórí wọn. Ìdin wà nínú ọ̀kan. Mo fi han ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi ìka yọ ọ́ dànù, ó fi ìka kan náà họ imú. Ó ní tí iná bá dé ibẹ̀, á pa ìyókù.

Afọnkun ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Kò sí ibi tí kò ti lè fọn ikun: lórí oúnjẹ, lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti ń gbàdúrà. Lójú rẹ̀, Bùọ̀dá ni, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i, torí wọ́n kọ́ mi nílé.

Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ọtí líle ló wá kù tó ń pọn. Kò bá pọn ara rẹ̀ sínú ìgò, kò kàn mí. Èyí tó kàn mí ni pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ìkòkò yẹn àti bẹ́ẹ̀dì Ìyá wa, fèrèsé wọn sì ṣí sí i. Iná mànàmáná tó fi ń sè é ò mọ̀ ju kó tàn, kó kú. Tí ìkòkò bá gbóná jù, èéfín ọtí á bo gbogbo ibẹ̀, èéfín yẹn sì ń gbaná bíi pẹtiróòlù.

Mo ní kí Ìyá wá máa bá mi gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún rédíò ṣe. Wọ́n ní àwọn ò lè máa sùn láàárín wáyà, àwọn kì í ṣe rédíò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti bẹ ọkọ òun títí, ẹnu òun ti bó. Ó ní èmi tí mo mọ iṣẹ́ iná, kí n bá wọn wá nǹkan ṣe sí i. Wàyí o. Èmi ni mo wá di òṣìṣẹ́ Afọnkun.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹta

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà ò le. Àpótí ike kékeré, ojú tó ń fi nọ́ńbà hàn, súìṣì tó ń já iná fúnra rẹ̀, àti wáyà gígùn kan tó ní irin ṣóńṣó lẹ́nu. Irin yẹn ni mo sọ ní Ìka. Òun la máa kì bọ ẹnu ìkòkò kó máa fọwọ́ ba ìgbóná. Tí ìgbóná bá kọjá ààlà, àpótí á já iná, á sì máa ké títí Ìka á fi tutù. Tó bá ti tutù, á tún dá iná padà.

Àpótí fúnra rẹ̀, Adénà. Mo wá fèrè tó ń ké gooro fi sí i. Mo fẹ́ kí adití gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹta

Afọnkun wá wo iṣẹ́. Ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń tu èèpo sáàárín súkúrúù mi. Ó ní, Injiníà, ṣé nǹkan yìí ò ní fa ọwọ́ ìkòkò òun sẹ́yìn, òun fẹ́ kó yá. Mo ní kò gbọdọ̀ yá, Bùọ̀dá. Èyí tó kọ́kọ́ ń kán kì í ṣe mímu, tí iná bá le, á bá èyí tó dáa pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọtí ò ní burúkú.

Mo fi spírítì nu tábìlì lẹ́yìn tó lọ. Mo nu àga náà.

Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹta

Mo gbé Adénà lọ. Yàrá Ìyá ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò, kí wọ́n lè mọ ohùn rẹ̀, kí àyà wọn má já lọ́jọ́ tó bá ké. Mo ki Ìka bọ tíì gbígbóná — ó ké. Ìyá di etí. Mo rì í bọ omi tútù — ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Wọ́n ní, “Àbíkẹ́yìn, àńjọ̀nú wo lo gbé wọlé yìí?” Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ẹ̀rín pa wọ́n.

Mo kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé Ìyá lápá kíṣìnnì, mo na Ìka dé ẹnu ìkòkò. Afọnkun dúró tì mí, ó ń mí sí mi lọ́rùn. Ọtí ń kán díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ. Mi ò ní purọ́, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Kó kàn má jẹ́ pé irú èèyàn yìí ni mo ṣe é fún.

Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi pè. Ó ní Adénà ò jẹ́ kí Ìyá rí oorun ọ̀sán sùn, ó ń ké ṣáá. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ má da nǹkan kún ìkòkò jù, kò ní ké. Ọ̀kánjúwà rẹ̀ ló ń ké.

Ẹtì, 13 Oṣù Kẹta



Télọ̀ tó kọjú sílé wọn ló pè mí pé iná ń jó lẹ́yìnkùlé. Kí n tó dé, wọ́n ti pa á. Ìkòkò ti hó títí ó fi gbẹ, rọ́bà tí ọtí ń gbà jáde ti yọ́, ògiri ti dúdú, iná ti jẹ etí kọ́tìnnì Ìyá. Afọnkun lóun jáde lọ gba ìpè lórí fóònù níwájú ilé. Ó padà, ó bá èéfín. Òun ló pọn Ìyá jáde. Apá rẹ̀ kan bó.

Ìyá jókòó sórí àga télọ̀.

Mo wọ kíṣìnnì. Adénà wà níbi tí mo kàn án sí, ojú rẹ̀ ṣì ń tàn, ó ń sọ fún mi pé ibi gbogbo tutù. Mo tọ wáyà lọ. Ìka ò sí lẹ́nu ìkòkò mọ́. Ó wà lójú fèrèsé, nínú ife omi. Abájọ. Omi tútù ni Adénà ń fọwọ́ bà, ó rò pé ìkòkò ò tíì gbóná, ó ń gbé iná fún un lọ.

Ife tí Ìyá máa ń rẹ eyín àtọwọ́dá wọn sí ni. Eyín náà ṣì wà nísàlẹ̀.

Afọnkun na ọwọ́, ó ju irin ẹlẹ́gbin yẹn sínú ife eyín ìyá mi, torí kí ọtí lè yá. Mo bú u. Níwájú ìyàwó rẹ̀, níwájú télọ̀, níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo pè é ní ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní ó fẹ́ sun ìyá oníyàá nítorí ìgò kan. Mo ní bó bá ní ìyá tirẹ̀ láyé, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, “Má bínú, àbúrò.” Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọn ikun.

Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta

Mi ò lè jẹun. Gbogbo nǹkan ń rùn sí mi.

Àìkú, 15 Oṣù Kẹta

Àbúrò bàbá wa wá bá wa dá sí i. Mo ní Ìyá ò ní sùn nílé yẹn mọ́, ó tán. Wọ́n bi Afọnkun. Ó ní òun ò ní ọ̀rọ̀, òun ló fi iná sílẹ̀, ẹ̀bi òun ni. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Wọ́n bi Ìyá. Ìyá ń wolẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ká etí ìró. Wọ́n dá mi láre: Ọjọ́bọ̀ ni mo máa wá kó wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn ọmọ òun gbọ́ ohun tí mo pe bàbá wọn. Mo ní kí wọ́n ti tètè mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹta

Mo kun yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo kó gbogbo wáyà kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹta

Mo ń ká aṣọ Ìyá sínú báàgì. Mo gbé ife eyín, mo ní màá sọ ọ́ nù, màá ra tuntun. Wọ́n ní kí ni ife ṣe. Mo ní ẹ mọ ohun tí ọkọ ọmọ yín fi ṣe. Wọ́n wá ní, “Èmi ni.”

Mo ní ẹ̀yin ni kí ni.

Ariwo yẹn. Wọ́n ní ó ń gún àwọn létí. Àwọn na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, àwọn fa wáyà, àwọn rì í bọ omi tútù bí mo ṣe ṣe é lójú àwọn. Ó dákẹ́, àwọn sùn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń bá a níbẹ̀, á bẹ àwọn pé kí àwọn má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, á dá a padà. Ọjọ́ yẹn ni kò sí nítòsí.

Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ níwájú àbúrò bàbá wa. Wọ́n ní ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí àwọn dákẹ́, pé bí mo bá gbọ́, màá máa ṣọ́ àwọn bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àìsí eyín lẹ́nu wọn jẹ́ kí ojú wọn kéré.

Mo jókòó sórí báàgì. Èmi ni mo gbé ariwo sí etí arúgbó, èmi náà ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pa á. Ara mi rí mi lára. Mo bẹ̀ wọ́n, mo kó aṣọ wọn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹtì, 20 Oṣù Kẹta

Mo lọ bá a. Ó wà ní ìparí ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbẹ́ ihò òpó. Ó fẹ́ na páánù síbẹ̀, kí ìkòkò rẹ̀ lè jìnnà sílé. Báńdéèjì apá rẹ̀ ti dọ̀tí, ikun ti gbẹ sí i létè. Ó ṣì ń rí mi lára, kí n má purọ́.

Mo kúnlẹ̀ sórí ẹrẹ̀. Mo ní Bùọ̀dá, Ìyá ti sọ fún mi. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Mi ò dìde. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ kí n bú òun tó bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, tí kò fèsì.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

“Tó o bá mọ̀ pé Ìyá ni, ta lò bá bú?”

Ó mú ṣọ́bìrì, ó padà sídìí ihò rẹ̀.