Koríko Tó Fúyẹ́ Ju Òfo Lọ

                                        Ilé Ìwádìí Pápá Ìjẹko,
                                        Yàrá Kejì,
                                        Òpópónà Etí Odò.
                                        Ogúnjọ́, oṣù Kejìlá.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé ọrùn tó ń dùn wọ́n ti sàn? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé eyín wọn tó ká ti hù? Iṣẹ́ aránṣọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ti ń bínú pé n kò kọ̀wé láti ìgbà òjò. Jọ̀ọ́, foríjì mí. Ìdùnnú ló mú mi kọ èyí.

O mọ̀ pé koríko ni mò ń gé jẹun. Má rẹ́rìn-ín! Lóṣooṣù, mo máa ń gbé férémù onígun mẹ́rin kalẹ̀ nínú pápá, màá fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo ohun tó hù nínú rẹ̀ sínú àpò bébà, màá sá a gbẹ, màá sì wọ̀n ọ́n. Bí koríko ṣe ń yọ lójò, tó ń rọ lẹ́ẹ̀rùn, la fi ń mọ iye kábọ́ọ̀nù, èròjà tó ń mú ayé gbóná, tí pápá ń fà nínú afẹ́fẹ́. A ó wá fi wé iye tí ilẹ̀ àti màlúù ń tú padà. Bí èyí tó fà bá pọ̀ jù, pápá ń ran ayé lọ́wọ́ nìyẹn.

Ìṣirò tọdún yìí wá burú jáì. Ó ní pápá wa ń tú ju èyí tó ń fà lọ. Àwọn aláṣẹ ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn á sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà! Mo sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ jókòó ti Oníṣirò wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń tẹ nọ́ńbà mi sínú kọ̀ǹpútà. À ń wo ìwé ìṣirò náà látòkè délẹ̀ ni mo rí oṣù Kejì, ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú jù. Koríko ibẹ̀ fi gíráàmù mẹ́ta fúyẹ́ ju òfo lọ. Mo ní, "Ẹ gbà mí o, irú koríko wo rèé? Ṣé ó ń fò ni?" Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣáà wọ̀n ọ́n."

Mo sáré mú ìwé mi wá. Gíráàmù méjìlá ni mo kọ. Ó ní òun yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti àpò bébà kúrò nínú rẹ̀. Mo pariwo, "Àpò wo? Òṣùwọ̀n ti yọ ọ́!" Àṣé láti oṣù Kìíní tí a ti gba òṣùwọ̀n tuntun, tó ń yọ ìwúwo àpò fúnra rẹ̀, gbogbo ayé ni mo sọ fún àfi Oníṣirò. Gbogbo àpò, oṣù méjìlá gbáko, ni a yọ lẹ́ẹ̀mejì! Ó gbá orí mú, ó ní, "Èmi nìkan ti jẹ koríko ju agbo màlúù lọ." A rẹ́rìn-ín títí awakọ̀ ilé iṣẹ́ wa fi yọjú wá wò wá.

A tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, pápá wa ń fà ju èyí tó ń tú lọ dáadáa, pàápàá ní oṣù òjò mẹ́ta kan báyìí. Àṣìṣe tèmi náà wà níbẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá wa. Ìyá náà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá gbé fóònù, ó sọ fún àwọn aláṣẹ lójú wa pé kí wọ́n wá ibòmíì gbọ́kọ̀ sí. Wọ́n gbà! Ẹni tó da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù lóòótọ́.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Háà, mo fẹ́ gbàgbé! Lẹ́yìn fóònù náà, Ọ̀gá wa yíjú sí mi, ó ní ṣé mo lè kúnlẹ̀ gé koríko yìí fún ọdún mẹ́wàá sí i. Ọ̀rẹ́ mi, kó tó parí ọ̀rọ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń dúpẹ́.

Èmi ni tìrẹ, lójò lẹ́ẹ̀rùn,
Ìyá Koríko.