Orúkọ Kọkàndínlógún

                                        Ilé Kẹrìndínlógún,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                        Egan, lẹ́bàá Ìgàndó,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 1997.

Akínlẹ́yẹ, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ilé? Báwo ni ara? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà tí mo wá ní oṣù kẹjọ ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí o máa gun òkè ilé-ìwé yín láìjókòó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta? Susanna ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Inú mi dùn, mi ò sì jowú ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣu tí o fi ránṣẹ́ dé láìsí ewu. Méjì nínú wọn ti fẹ́ máa hù, ṣùgbọ́n a jẹ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, àlàáfíà ni a wà. Olútóyìn ìyàwó mi ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kí èmi fúnra mi dáadáa láti Ọjọ́bọ̀. Wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Kí n tó máa bá ìròyìn lọ, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé lẹ́tà kan ń bọ̀ wá bá ọ ní Ìkẹ́rẹ́ láti iléeṣẹ́ wa. Orúkọ mi ni yóò wà nínú rẹ̀. Jọ̀wọ́, má fèsì sí i kí o tó ka tèmi yìí tán. Èsì tí o bá fún wọn ni wọn yóò fi pinnu bóyá màá máa jí lọ síbi iṣẹ́ kí Kérésìmesì tó dé, tàbí màá jókòó sílé.

O máa ń béèrè pé kí ni mò ń ṣe gan-an ní Èkó. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ tí ń ṣe ọ̀dà yìí ní Ìkẹjà, mi ò sì tíì ṣàlàyé fún ẹnì kan tí kò ní béèrè bóyá mo lè bá òun tẹ ìwé ìpè ìsìnkú. Ìlànà ni mò ń kọ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tí yóò ṣe. Bí mo bá fo ẹsẹ̀ kan, ẹ̀rọ á dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tó rí omi. Nítorí iná tí kì í dúró, orí ìwé ni mo ti máa ń fi bírò kọ gbogbo rẹ̀ tán, bí iná bá wá dé, màá sáré tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ní àkókò tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á ní kí n wá wo ìdí tí fáànù ọ̀gá kò fi yí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn yóò fi mí ṣe olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ka náà kò ju èmi, ẹ̀rọ méjì, àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú lọ. Mo ti yé retí ìlérí náà, àbí kí n ní ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé ló ń gbà mí. Ẹni tó fi ọ̀nà hàn mí ni Bàbá Nàfíù, bàbá tó ń ṣọ́ géètì iléeṣẹ́ wa, ọmọ onílẹ̀ Ìgàndó ni. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí nítorí ẹ̀rọ tí mò ń tẹjú mọ́, ó ní ewé tútù ni oògùn rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ já a fún mi ni. Ó ní kí n ṣáà máa wò ó. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé tí òjò kò bá ká wa mọ́, a máa ń pàdé ní Egan ní aago méje àárọ̀, a ó gba ẹ̀yìn ilé àwọn ará ibí, a ó la oko ẹ̀gẹ́ kọjá, a ó sì dé etí odò tó dẹ ìgèrè rẹ̀ sí. Láti ibẹ̀, èéfín ààtàn Ìgàndó máa ń rí tín-ín-rín lókè, òórùn rẹ̀ kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wa bí atẹ́gùn bá ṣojú rere. Bàbá á máa yọ ẹja, èmi á bọ́ bàtà, màá ki ẹsẹ̀ bọ omi, màá mu gààrí tí mo gbé wá. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ní ọ̀kan nínú àwọn Sátidé bẹ́ẹ̀, lọ́dún tó kọjá, ó nawọ́ sí ọ̀pẹ kan tó ti gbó, ó ní orí rẹ̀ ni òun wà lọ́jọ́ tí ọ̀sán dòru. Ìgbà tí òṣùpá bo oòrùn lọ́dún 1947 ló ń wí, èyí tí àwọn bàbá tiwa náà máa ń ròyìn. Ó ní òun ti gé ìdì ẹyìn kan sílẹ̀, òun ń ṣá èkejì lọ́wọ́, ni ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn adìyẹ ń wọlé. Ó ní òun kò lè sọ̀, òun kò lè gòkè, òun kàn di igbà mú, òun ń pe Ọlọ́run títí ilẹ̀ fi tún mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni orí mi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tó ti mọ́ ọn lára. Nínú ìwé iléeṣẹ́, ọdún 1940 ni wọ́n bí Bàbá Nàfíù. Ọmọ ọdún méje wo ló ń gun ọ̀pẹ? Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ létí odò níbẹ̀, nítorí ohun tí ènìyàn bá gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ti iléeṣẹ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí ni wọ́n gbé máníjà tuntun wá fún wa, Ọ̀gbẹ́ni Babárìndé. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ní òun ṣàkíyèsí pé bí àwọn òṣìṣẹ́ yìí ṣe ń dàgbà ni ọjọ́ orí wọn ń dín. Ó ní kí n kọ ètò kan tí yóò fi ọdún ìbí tó wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gba olúkúlùkù síṣẹ́ wé èyí tí onítọ̀hún sọ ní kíláníìkì iléeṣẹ́. Ẹni tí méjèèjì kò bá bára mu, irọ́ ló pa, yóò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Àwọn akọ̀wé ló bá mi tẹ ọjọ́ orí irinwó òṣìṣẹ́ wọlé láti inú fáìlì. Akínlẹ́yẹ, ètò náà dára. Mo fẹ́ kí o gbà mí gbọ́. Láti ọdún mẹ́sàn-án, òun nìkan ni ohun tí wọ́n ní kí n ṣe tó jẹ́ iṣẹ́ mi ní tòótọ́, mo sì ṣe é, kò lábùkù. Inú mi dùn sí i bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, mo ní kí ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé han bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, ó sì tú orúkọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jáde. Bàbá Nàfíù ni mo kọ́kọ́ wá níbẹ̀, mi ò rí i. Bàbá ti lọ búra ọjọ́ orí ní kọ́ọ̀tù láti ayébáyé, ó ti há 1940 sórí, bákan náà ló sì sọ ọ́ níbi gbogbo. Ọkàn mi balẹ̀. Mo wá ń ka àwọn yòókù lọ. Ẹni kẹrìnlá ni Wàsílátù, obìnrin tó ń lẹ ìwé mọ́ agolo ọ̀dà, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn; ọdún méjì péré ni tirẹ̀ fi yàtọ̀. Ẹni kọkàndínlógún ni èmi.

O rántí ọdún 1988. Ìpolówó iṣẹ́ náà sọ pé àwọn kò fẹ́ ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, èmi sì ti pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìwọ lo ṣe onídùúró mi. Ìwọ lo gba bírò lọ́wọ́ mi nínú yàrá rẹ, tí o kọ 1959 síbi tó yẹ kí 1954 wà, tí o ní ta ni yóò ka eyín mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí gbogbo wa lọ ṣe àyẹ̀wò ara. Nọ́ọ̀sì kan tí ohùn rẹ̀ jọ ti ìyá mi béèrè ọdún tí wọ́n bí mi, mo sì sọ òtítọ́ fún un láìronú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa kò tilẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án péré ni, àwa méjèèjì la sì dì í lẹ́rù.

Ní Sátidé ọjọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún Bàbá Nàfíù létí odò. Ó ń tún okùn ìgèrè so, kò gbójú sókè.

“Kọ̀ǹpútà,” bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí, “ṣé o lè pa orúkọ ẹ rẹ́ níbẹ̀?”

Mo ní bọ́tìnnì kan péré ni màá tẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀, torí kò sẹ́lòmíràn tó lè ka ètò náà.

“Tẹ̀ ẹ́ jàre! Kí lo tún ń rò?”

“Wàsílátù ńkọ́, Bàbá?”

“Pa tiẹ̀ náà rẹ́ ṣá.”

“Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó kù ńkọ́, sà?”

Ó so okùn náà tán. “Tó o bá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, wọ́n á ní ẹ̀rọ ẹ ò ṣiṣẹ́, àbí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ìyẹn gan-an ló ń dùn ẹ́ jù nínú gbogbo ẹ̀,” ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, torí òótọ́ ni. Nígbà tó yá ó béèrè, bí ẹni tí kò kàn, “Èmi náà wà níbẹ̀?”

“Ẹ ò sí níbẹ̀, sà.”

Ó wo ọ̀pẹ ọjọ́sí, ó wá wò mí. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ kò gun ọ̀pẹ rí. Ó ṣa ẹja tó tóbi jù nínú ti ọjọ́ náà, ó fi ewé wé e, ó ní kí n gbé e lọ fún ìyàwó mi.

Olútóyìn náà ní kí n tẹ bọ́tìnnì. Ní Ọjọ́rú, mo jókòó síwájú ẹ̀rọ, mo wá orúkọ mi kàn, mo fi ìka lé bọ́tìnnì náà, mo sì gbé ìka mi kúrò. Mi ò lè sọ pé ohùn kan bá mi sọ̀rọ̀. Mo kàn rò ó pé ètò tó bá dákẹ́ lórí ẹni tó kọ ọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé ìwé náà fún Ọ̀gbẹ́ni Babárìndé. Bírò rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn orúkọ. Ó dé orí ìkọkàndínlógún, ó dúró. Ó béèrè bóyá ẹ̀rọ kò ṣe àṣìṣe. Mo rí i pé ó ń ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo ní kò ṣe àṣìṣe kankan.

Ó wá ní òun kò fẹ́ pàdánù ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ẹ̀rọ yìí lò, nítorí náà òun yóò kọ̀wé sí onídùúró mi. Bí onídùúró bá jẹ́rìí pé 1959 ni, a jẹ́ pé kíláníìkì ló ṣì í kọ. Mo béèrè bóyá yóò kọ̀wé sí onídùúró àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yòókù. Ó ní kò sáyè fún ìyẹn.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé, Olútóyìn ní ohun tí mò ń ṣe kì í ṣe òtítọ́, ìgbéraga ni, pé ẹni tó bímọ mẹ́ta kì í fi ìwé orúkọ ṣe fọ́nńté. Mo rò pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Mo mọ̀ ọ́, Akínlẹ́yẹ. Kí o tó ka lẹ́tà wọn dé ìdajì, o ti yọ bírò. Mo bẹ̀ ọ́, 1954 ni kí o kọ. Kì í ṣe pé iṣẹ́ sú mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, nítorí mo ti dé ọjọ́ orí tí wọn kì í gbani síṣẹ́ mọ́, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni Wàsílátù ń kí mi lẹ́nu géètì, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Bí wọ́n bá pe orúkọ tirẹ̀ tí wọn kò pe tèmi, mi ò mọ bí màá ṣe máa dá a lóhùn. Ó sì lè jẹ́ pé bí máníjà bá rí òtítọ́ láti ọwọ́ rẹ, yóò rí i pé bí òun yóò bá dá mi sí, àfi kí òun dá gbogbo wa sí. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn o. Mo kàn rò ó ni.

Àti pé, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ìyá rẹ fi ṣáájú ìyá mi bímọ. Bí o bá ní 1959 ni wọ́n bí mi, ìwọ náà ti di ẹni ọdún méjìdínlógójì nìyẹn, kí o yáa wá ibi tí wàá kó ewú orí rẹ pamọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ tí mo sọ lókè, bí o bá ti kà á tán, ya abala yẹn, kí o sun ún. Tèmi ni mo ní àṣẹ láti sọ.

Àná a tún lọ sí odò. Bàbá Nàfíù gbé ìgèrè tuntun kan wá, ó ní òun hun ún láàárín ọ̀sẹ̀, tèmi ni. Ó ní bí wọ́n bá lé mi, kí n lè ní ibi tí màá máa lọ ní Ọjọ́ Ajé. A dẹ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ẹja kékeré kan ló wọ̀ ọ́, a sì dá a padà sómi.

Bá mi kí Susanna, kí o bá mi kí àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Bá mi kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ. Bí ọdún bá rú ọ lójú, wọn kò ní gbàgbé, bi wọ́n. Mo ń retí pé kí lẹ́tà rẹ sí iléeṣẹ́ wa ṣáájú èyí tí wàá kọ sí mi.

Èmi ni tìrẹ, ẹlẹgbẹ́ rẹ láti inú oyún,

Olútáyọ̀,
ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì.